Lẹ́tà Ṣíṣí sí Tàǹtí Tó Ń Fi Gèlè Bo Fóònù

Tàǹtí mi, ẹ má bínú pé ìta gbangba ni mo ti ń kọ̀wé sí yín dípò kí n yà sí ìsọ̀ yín ní ọjà Ouando, ní Àjàṣẹ́ níbí. Mo ti ń yà, ẹ̀yin ni ẹ kì í rí mi. Nígbàkigbà tí mo bá dé, ẹ ti wà lórí fóònù: ẹ kọjú sí ògiri, ẹ kẹ̀yìn sí oníbàárà, ẹ fa etí gèlè bo ẹnu àti fóònù pọ̀, a ò rí nǹkan kan mọ́ àfi èjìká tó ń mì. Ẹni tí kò mọ̀ yín á rò pé ẹkún lẹ ń sun. Àwa tí a mọ̀ yín mọ̀ pé iye owó léèsì ni ẹ ń bá ará Èkó sọ, ẹ ò sì fẹ́ kí ìyá tó ń ta léèsì ní ìsọ̀ ọ̀ọ́kán gbọ́.

Ẹ jẹ́ kí n rán yín létí ọjọ́ tí gèlè nìkan ò tó yín mọ́. Ẹ na ọwọ́ sí rédíò orí tábìlì, ẹ yí i sókè dé òpin, kí orin lè bo ọ̀rọ̀. Ó bo ọ̀rọ̀ lóòótọ́. Ó bò ó débi pé ará Èkó náà ò gbọ́ ohun tí ẹ ń wí mọ́. Ó ní, "Kí lẹ wí?" Ẹ tún un wí. Ó ní kí ẹ sọ̀rọ̀ sókè. Ẹ̀yin náà gbà, ẹ sọ̀rọ̀ sókè: "Mo ní ẹgbẹ̀rún méje! Mé-je!" Àsìkò yẹn gan-an ni orin parí. Gbogbo ìlà aláṣọ gbọ́, títí kan ọmọ tó ń kiri omi. Kí oòrùn tó kàn àtàrí, ẹgbẹ̀rún mẹ́fà ààbọ̀ ni ìyá ọ̀ọ́kán ń pe tirẹ̀.

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi, ẹ sì fi mí ré. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ni mo fẹ́ gbè lónìí. Gbogbo ohun tí ẹ ṣe lọ́jọ́ náà, kíkọjú sí ògiri, fífi gèlè bo fóònù, ṣíṣí rédíò, àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ti ń fi ṣe ìwádìí láti nǹkan bí àádọ́ta ọdún, wọ́n sì ń gba oyè lórí ẹ̀. Ibi tí tiyín ti wọ́ ni pé etí ìyá ọ̀ọ́kán nìkan lẹ ń ṣọ́. Ẹ gbàgbé etí tó wà nínú afẹ́fẹ́.

Ohùn yín, gèlè lè bò ó díẹ̀. Ìgbì rédíò tó ń jáde lára fóònù ńkọ́? Kò mọ gèlè, kò sì ka ògiri tí ẹ kọjú sí sí nǹkan kan tó bẹ́ẹ̀. Bí ẹ ti ń sọ̀rọ̀, fóònù ń sọ ohùn yín di nọ́ńbà, ó ń tú u jáde yíká: sí òpó fóònù tó wà lẹ́yìn ọjà, sí ilé tó dojú kọ yín, sí inú ọkọ̀ tó ń lọ sí Adjarra. Òpó nìkan lẹ ń bá sọ̀rọ̀, àmọ́ kì í ṣe òpó nìkan ni ìgbì náà ń bá. Àwọn àgbà ní ògiri létí. Ká ní wọ́n bá fóònù láyé ni, wọn ì bá fi afẹ́fẹ́ kún un. Yíyọ́ gbọ́ ìgbì yìí ò sì gba owó ńlá. Láti 2012 ni àwọn ọlọ́gbọ́n orí ti rí i pé ike kékeré kan báyìí, tí kò ju ìka méjì lọ, tí wọ́n ń kì bọ kọ̀ǹpútà láti fi wo tẹlifíṣọ̀n, ṣeé sọ di rédíò tó ń gba oríṣiríṣi ìgbì. Zángbétò ń ṣọ́ òru fún wa ní Àjàṣẹ́, kò sì sẹ́ni tó yan Zángbétò kankan láti máa ṣọ́ afẹ́fẹ́.

Ohun tó ń gbà yín títí di báyìí, ẹnà ni. Ẹ mọ ẹnà dáadáa, òun lẹ̀yin àtàwọn ọ̀rẹ́ yín fi ń sọ̀rọ̀ ọkùnrin nígbà tí ẹ wà ní ọmọge, kí ìyá àgbà má baà mọ ibi tí ẹ ń lọ. Fóònù yín àti rézò, ìyẹn iléeṣẹ́ tó ni òpó, jọ ní kọ́kọ́rọ́ kan tó wà nínú SIM, òun ni wọ́n fi ń da ọ̀rọ̀ rú kó tó bọ́ sínú afẹ́fẹ́. Ó dáa. Ṣùgbọ́n ẹnà náà, láti fóònù dé òpó nìkan ló ń ṣiṣẹ́. Tó bá ti wọ ọ̀dọ̀ iléeṣẹ́, wọ́n tú u. Ẹnà tí rézò àtijọ́, èyí tí à ń pè ní 2G, sì ń lò, A5/1, àwọn ọdún 1980 ni wọ́n ti ṣe é ní Yúróòpù. Ní oṣù Kejìlá 2009, ọmọ Jámánì kan tó ń jẹ́ Karsten Nohl dúró níwájú èrò ní Berlin, ó ní òun àtàwọn ẹgbẹ́ òun ti to tábìlì ìṣirò gbàǹgbà-gbàǹgbà tí èèyàn lè fi tú u. Èyí tó tún burú jù: 2G máa ń bi fóònù pé "ta ni ọ́?", ṣùgbọ́n fóònù kì í bi òpó. Ẹni tó bá gbé òpó ayédèrú kalẹ̀, fóònù á wọlé tọ̀ ọ́ tayọ̀tayọ̀. 3G ló tó tún ìyẹn ṣe. Fóònù kékeré oníbọ́tìnnì yín yẹn, èyí tí ẹ ń fi yangàn pé ẹ kì í fi iná sí i títí ọ̀sẹ̀ yóò fi parí, 2G ni, Tàǹtí. Ẹ má wò mí báyẹn.

Kì í sì í ṣe àwa la kọ́kọ́ rí irú wàhálà yìí nítòsí ibí. Ní Kamina, lẹ́bàá Atakpamé ní Tógò, ní ilẹ̀ àwọn ará wa Ifẹ̀ tí wọ́n tún ń pè ní Ànà, àwọn Jámánì kọ́ ilé rédíò ńlá kan ṣáájú Ogun Àgbáyé Kìíní. Iléeṣẹ́ Telefunken ló bá wọn kọ́ ọ, kí wọ́n lè máa ti Nauen, lẹ́bàá Berlin, bá àwọn ilẹ̀ tí wọ́n gbà ní Áfíríkà sọ̀rọ̀, àti ọkọ̀ wọn tó wà lójú òkun. Òpó irin gíga-gíga láàárín oko! Ogun bẹ́ sílẹ̀ ní oṣù Kẹjọ 1914. Nígbà tí oṣù náà fi máa pé ọjọ́ márùn-ún, ọkọ̀ ojú omi Gẹ̀ẹ́sì ti lọ gé wáyà abẹ́ òkun tí Jámánì ń lò. Wáyà kú, ó wá ku afẹ́fẹ́, ohun tí wọ́n bá sì tú sínú afẹ́fẹ́, etí ọ̀tá wà níbẹ̀. Ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì gba ọ̀nà Gold Coast wọlé, ti Faransé gba ilẹ̀ tiwa yìí, tó ń jẹ́ Dahomey nígbà náà, lọ pàdé wọn. Lóru ọjọ́ kẹrìnlélógún mọ́jú ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, àwọn Jámánì fọwọ́ ara wọn ba ilé rédíò náà jẹ́. Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n ni wọ́n túúbá.

Ẹ wá gbọ́ èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín. Ọ̀sẹ̀ kan náà yẹn ni ogun Tannenberg wáyé ní ilẹ̀ Jámánì lọ́hùn-ún. Àwọn ọ̀gágun Rọ́ṣíà ń fi rédíò ránṣẹ́ síra wọn, wọn ò sì fi ẹnà bo àwọn àṣẹ kan rárá. Jámánì gbọ́ ibi tí wọ́n ń lọ àti ìgbà tí wọn yóò débẹ̀, ó sì fọ́ ogun náà yángá. Jámánì tó ń sá fún etí ẹlòmíràn ní Atakpamé ló ń jẹ èrè etí ní Tannenberg. Afẹ́fẹ́ ò ní ọmọ bíbí inú.

Lẹ́yìn ogun yẹn, ẹnà ni gbogbo wọn gbájú mọ́. Nígbà tó di 1949, Claude Shannon, ọmọ Amẹ́ríkà, fi ìṣirò hàn pé bí ẹ bá fẹ́ kí ọ̀rọ̀ pamọ́ pátápátá, kọ́kọ́rọ́ tí ẹ fi tì í gbọ́dọ̀ gùn tó ọ̀rọ̀ náà, ẹ ò sì gbọdọ̀ lò ó lẹ́ẹ̀mejì. Pẹ̀lú bí ẹ ṣe ń bá Èkó sọ̀rọ̀ yẹn, ta ni yóò ru kọ́kọ́rọ́ yín? Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí Shannon fi ṣe ìpìlẹ̀ ìṣirò rẹ̀: ó gbà pé ohun tí ẹni tí ẹ ń bá sọ̀rọ̀ rí gbà gan-an ni ẹni tó ń yọ́ gbọ́ náà rí gbà, kò lé, kò dín. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n kọjá. Ní 1975 ni Aaron Wyner, tó ń ṣiṣẹ́ ní Bell Labs, wá bi àwọn onímọ̀ ní ohun tí aláṣọ Ouando kankan ì bá ti bi wọ́n lọ́jọ́ kìíní: ta ló sọ fún yín pé etí méjèèjì dọ́gba?

Òótọ́ ni, wọn kì í dọ́gba. Afẹ́fẹ́ ní ariwo tirẹ̀. Ẹni tó wà níbi tó dáa gbọ́ yékéyéké, ẹni tó fara pamọ́ sẹ́yìn ilé gbọ́ ààbọ̀. Wyner fi hàn pé bí etí ẹni yín bá sàn ju ti olófòófó lọ, ọ̀nà wà láti to ọ̀rọ̀ kí tẹni yín pé, kí olófòófó má sì rí nǹkan kan dì mú, láìlo kọ́kọ́rọ́ kankan. Bó ṣe rí nìyí. Ẹ fẹ́ sọ "méje". Ẹ̀rọ á ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọ̀nà tó lè gbà wí "méje", ẹgbẹẹgbẹ̀rún tó lè gbà wí "mẹ́fà". Èyí tó bá ṣáà bọ́ sí i lọ́wọ́ ló ń mú lọ́tẹ̀ yìí. Etí tó mọ́ á dá èyí tó mú mọ̀, á sì mọ̀ pé "méje" ni. Etí tí ariwo ti dí, gbogbo agbára rẹ̀ á tán sórí àtimọ èwo nínú ẹgbẹẹgbẹ̀rún yẹn ni, kò ní ku agbára tí yóò fi mọ̀ bóyá méje ni àbí mẹ́fà. Ní 1978, Leung-Yan-Cheong àti Martin Hellman ṣírò iye ọ̀rọ̀ tó lè pamọ́ báyìí nígbà tí ariwo náà bá jẹ́ ti rédíò gidi. Ìṣirò ọjà pọ́ńbélé ni: ẹ mú ìwọ̀n ohun tí ẹni yín lè gbọ́, ẹ yọ ìwọ̀n ohun tí olófòófó lè gbọ́ kúrò, èyí tó ṣẹ́ kù ni èrè yín. Bí kò bá ṣẹ́ kù, ẹ jẹ gbèsè.

Gèlè tí ẹ fi ń bo fóònù, wọ́n ti ṣe tirẹ̀ sí ara òpó. Òpó ìgbàlódé ní àǹtẹ́nà púpọ̀ tó jọ ń ṣiṣẹ́, tó lè darí ìgbì sí ibi tí fóònù kan wà dípò kó máa tú u ká gbogbo àdúgbò. Mi ò ní pẹ́ lórí ìyẹn. Rédíò yín ló wù mí láti sọ.

Ní 2008, Satashu Goel àti Rohit Negi gbé ìwé jáde lórí ariwo àmọ̀ọ́mọ̀dá. Bẹ́ẹ̀ ni, Tàǹtí, ariwo. Ẹ̀rọ tó ń ránṣẹ́ á da ariwo mọ́ ọ̀rọ̀, kí olófòófó má baà gbọ́. Ẹ̀yin ẹ kọ́kọ́ ṣe é o, bí kò bá jẹ́ pé ẹ ò kọ ìwé! Ìyàtọ̀ kan ló wà. Rédíò tiyín ò mọ ọ̀rẹ́ yàtọ̀ sí ọ̀tá, bó ṣe dí ìyá ọ̀ọ́kán létí náà ló ṣe dí ará Èkó. Ariwo tiwọn ń gba ara àǹtẹ́nà mélòó kan jáde lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n sì ti wọ̀n ọ́n tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé, nígbà tó bá dé ọ̀dọ̀ ẹni tí wọ́n ń ránṣẹ́ sí, bí ìgbì àǹtẹ́nà kan ṣe ń gòkè ni ti èkejì ń sọ̀ kalẹ̀, wọ́n á pa ara wọn. Ibi tí ó wà dákẹ́ rọ́rọ́, ọ̀rọ̀ nìkan ló ń gbọ́. Gbogbo ibòmíràn, ariwo ni.

Èyí tó kàn yìí ni mo fẹ́ràn jù, torí pé ó yin Ouando. Ẹ mọ Wi-Fi tí ọmọ yín gbé sí ìsọ̀. Ìgbì rẹ̀ kì í lọ tààrà láti inú àpótí dé fóònù. Ó ń gbá páànù, ó ń gbá ọkọ̀, ó ń gbá agbada irin obìnrin tó ru tòmátì kọjá. Ọ̀nà púpọ̀ ló fi ń dé, àwọn kan ń ran ara wọn lọ́wọ́, àwọn kan ń pa ara wọn. Nítorí náà, agbára rẹ̀ á lọ sókè, á wá sílẹ̀, ní ìṣẹ́jú àáyá sí ìṣẹ́jú àáyá. Àǹfààní rẹ̀ ni pé bí ìgbì ṣe ń rí láti àpótí wá sí fóònù náà ló ń rí láti fóònù lọ sí àpótí, bí wọ́n bá lo ìkànnì kan náà fẹ́rẹ̀ẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn méjèèjì lè wọn lílọ-bíbọ̀ yìí, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ bí òdo àti ení, kí wọ́n sì fi ṣe kọ́kọ́rọ́ tí ẹnikẹ́ni ò fi rán ẹnikẹ́ni. Ueli Maurer, àti Ahlswede pẹ̀lú Csiszár, ló fi ìpìlẹ̀ ìṣirò rẹ̀ lélẹ̀ ní 1993. Ìgbì Wi-Fi tó wọ́pọ̀ gùn tó nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà méjìlá ààbọ̀. Nínú ibi tó kún fún ìdàrúdàpọ̀ bí ọjà, ẹni tó bá ti fi sẹ̀ǹtímítà mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ jìnnà sí fóònù yín, ohun mìíràn pátápátá lòun ń rí. Ìka ọwọ́ kan lásán! Ìyá ọ̀ọ́kán máa ní láti jókòó sórí itan yín.

Gbogbo zémìjáàn, alùpùpù akérò, tó bá sì ta kọjá, gbogbo ọmọ tó bá sá eré gba iwájú ìsọ̀, ń bá yín yí kọ́kọ́rọ́ náà padà. Ìdàrúdàpọ̀ tí ẹ fi ń ṣépè fún àwọn olórí ọjà lójoojúmọ́ yẹn, ọrọ̀ ni. Bó bá di òru, tí ọjà dá, tí nǹkan kan ò mì mọ́, kọ́kọ́rọ́ tuntun á di ọ̀wọ́n. Ẹ tún gbé fóònù lọ sí etí ọ̀sà, níbi tí omi tẹ́ rẹrẹ, tí kò sí páànù, tí kò sí agbada: ìgbì ń lọ tààrà níbẹ̀, ẹni tó wà nínú ọkọ̀ ojú omi lè fi orí ara rẹ̀ ṣírò ohun tí ẹ rí. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń sá lọ sí etí ọ̀sà láti lọ sọ ọ̀rọ̀ àṣírí, ẹ ti ń lọ sí ibi tó burú jù ní gbogbo Àjàṣẹ́.

Ẹ ó ní bí ó bá dára tó báyìí, kí ló dé tí àwọn olówó ò tíì fi sí gbogbo fóònù. Ẹ bi ìbéèrè gidi. Ìyá ọ̀ọ́kán, ẹ ń rí i, ẹ sì mọ ìwọ̀n etí rẹ̀. Ẹni tó ń fi rédíò yọ́ gbọ́ kì í fọhùn, kì í wúkọ́, kì í tan iná. Ìṣirò Wyner sì fẹ́ kí ẹ mọ̀ dájú pé etí tirẹ̀ ló burú jù. Bí ó bá lọ jókòó sí abẹ́ òpó, tó gbé àǹtẹ́nà tó tó páànù méjì kalẹ̀, ìyọkúrò yẹn á já sí òdo. Òun ló jẹ́ kí púpọ̀ nínú iṣẹ́ yìí ṣì wà nínú ìwé àti ilé ìwádìí. Èrò tèmi ni pé kò ní rọ́pò ẹnà láyé. Ó máa dúró tì í lẹ́yìn ni, pàápàá fún àwọn ẹ̀rọ kéékèèké tí wọ́n ń rì sínú oko láti wọn ọ̀rinrin ilẹ̀, tí bátìrì wọn ò lè gbé ẹnà tó wúwo. Ẹnikẹ́ni tó bá wá sí ìsọ̀ yín láti ta àpò onírin tí ń dí ìgbì fóònù, kò parọ́: ìgbì ò ní jáde mọ́. Ìpè oníbàárà náà ò sì ní wọlé.

Òfin ò ṣàìsí. Òfin 2017-20, èyí tí wọ́n fọwọ́ sí ní ogúnjọ́ oṣù Kẹrin 2018, ilé aṣòfin tó wà nílùú wa níbí ló dìbò fún un, ó sì ka jíjí ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn gbọ́ láìgbàṣẹ sí ẹ̀ṣẹ̀. Àmọ́ àwọn ọlọ́pàá ní láti mọ̀ kí wọ́n tó mú èèyàn, etí kì í sì í fi ipasẹ̀ sílẹ̀. Ẹ tún máa rán mi létí WhatsApp. Ẹ gbà á: láti oṣù Kẹrin 2016 ni wọ́n ti fi ẹnà bo ọ̀rọ̀ níbẹ̀ láti fóònù dé fóònù, ó sàn ju ìpè lásán lọ dáadáa. Àmọ́ ẹ ṣáà máa ń fi ohùn tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí yín lórí fóònù ọmọ yín síta gbangba kí gbogbo ìlà lè bá yín dá sí ọ̀rọ̀ ọkọ ẹlòmíràn.

Tàǹtí, ẹ yọ fóònù tuntun tí ọmọ yín rà fún yín lọ́dún tó kọjá jáde nínú àpótí, kí ẹ máa lò ó. Kì í ṣe owó orí ìyàwó. Ó ku ohun kan tí Wyner ò ní ìṣirò fún. Ọmọkùnrin tó jókòó sábẹ́ agbòòrùn, tó ń bá yín fi owó ránṣẹ́ lórí fóònù, ẹ kì í tẹ nọ́ńbà àṣírí yín fúnra yín. Ẹ máa ń pè é fún un, nọ́ńbà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ketekete, ẹ tún máa ń bi í pé ṣé ó gbọ́. Ẹ yí nọ́ńbà yẹn padà lónìí. Ẹ má sì tún fi ọdún tí wọ́n bí àkọ́bí yín ṣe é o, gbogbo ẹbí la jọ jẹ ìkómọ náà.

Èmi ni ọmọ yín,
ní Àjàṣẹ́.